Àkùkọ Kejì Tí Àbẹ̀ní Sè

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀bi ara mi bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́. Èmi ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọ̀nà tó ti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn elétò ìlera gbé oògùn ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀ wá, èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ máa gbé e mì kí wọ́n tó jẹun. Àbẹ̀ní tó ń dáná fún wọn pariwo láti ilé ìdáná pé ẹ̀wà ti fẹ́ jinná, kí a ní sùúrù, oògùn náà kì í bá ikùn òfo mu. Mo ní kí ó gbájú mọ́ ìkòkò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ, tí wọ́n ń bì lu ara wọn. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n gbé igi, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó wọ́ lójú mi, mo sì gba ojú fèrèsé jáde, èmi ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Àbẹ̀ní ló dúró. Ó ń fún àwọn ọmọ lómi mu, ó ń bu ẹ̀wà fún wọn, ó sì ń dá àwọn òbí lóhùn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Gbogbo ìlú ti gbà pé májèlé ni.

Ilé Oníkùmásí ni wọ́n ti bí Àbẹ̀ní. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí Ghana lé wálé lọ́dún 1969. Wọ́n ní ìkòkò àti ẹnu mímú ni wọ́n kó dé. Ìkòkò ti jò tipẹ́, ẹnu ṣì wà, Àbẹ̀ní ló sì jogún rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, ìgbakọ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan kò ní gba ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè.

"Níbo lo ti wẹ̀ lánàá?"

Bí ọmọ bá ní odò Erínlẹ̀ ni, yóò bu ẹ̀wà fún un, kì í febi pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú omi yẹn sétí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣáwùrú wà níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ koríko. Aràn kan ń jáde lára rẹ̀ tí ojú kò lè rí, á gba awọ ara wọlé, á lọ bà sí ẹ̀gbẹ́ àpò ìtọ̀, á máa yé ẹyin. Ìtọ̀ á pọ́n. Ẹni tó bá tún tọ̀ sódò ti dá aràn náà padà fún ìṣáwùrú, kí ó lè dúró de àbúrò rẹ̀. Èmi tí mo ní ìwé-ẹ̀rí méjì, ẹnu Àbẹ̀ní ni mo ti gbọ́ ọ.

Òun náà, ibi tó ti gbọ́ ọ kò dára. Nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀, bí ìtọ̀ ọmọkùnrin bá pọ́n, wọ́n á ní ọkùnrin ti dé, gẹ́gẹ́ bí nǹkan oṣù ṣe ń dé fún obìnrin. Wọ́n á pa àkùkọ, wọ́n á sì fún ọmọ náà ní iwe, èyí tí ọmọdé kì í jẹ. Soliu, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ iwe tirẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlá. Àbẹ̀ní ló se àkùkọ náà. Ó tún jó. Nígbà tí Soliu pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò lè tọ̀ mọ́. Dókítà kan ní Òṣogbo bi í bóyá ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n rí ní kékeré. Soliu ní, "Gbogbo wa ni." Jẹjẹrẹ ti mú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Iléyá ọdún yẹn kò bá a láyé. Ó fi Hameed sílẹ̀, ọmọ ọdún méje.

Hameed ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ mi ló wà. Nígbà tí ìwé dé lọ́dún yìí pé oògùn ń bọ̀ lọ́jọ́rú, àwọn òbí ní àwọn ò gbà. Wọ́n tún fi ti ọ̀pá kún un, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọmọ kí wọ́n lè mọ iye hóró oògùn tó yẹ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá wọn kò ní ga mọ́. Mo ti mú bírò, mo fẹ́ kọ ọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ̀, ni Àbẹ̀ní bá wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀ kó hàn dáadáa," ó ní, "kí Hameed lè mọ ẹni tí yóò bi tó bá dàgbà."

Mo gbé bírò sílẹ̀. Ojú tì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Sofiyullah, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, olórí agbo ilé, gbé àkùkọ pupa kan wá bá a. Ìtọ̀ Hameed ti pọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú bàbá ń dùn. Ó ní ilé Soliu kò parun, ọkùnrin ti dé síbẹ̀, kí Àbẹ̀ní sè é kí gbogbo ilé jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àbẹ̀ní kúnlẹ̀, ó gbà á, ó dúpẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí bàbá lọ tán, òun jókòó ti àkùkọ náà. Ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó gbé omi kaná.

Ní ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì Ọláṣùmbọ̀ ti Òṣogbo dé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Àwọn òbí tò sí ẹnu ọgbà, wọ́n káwọ́ gbera, ọ̀pọ̀ wọn di ọmọ wọn mú. Àbẹ̀ní kò wo ibẹ̀. Ó bu ẹ̀wà fún àwọn tó wà nínú ọgbà, ó ṣí ìkòkò kékeré kan tó se àkùkọ náà sí, ó sì fi iwe àkùkọ lé ẹ̀wà Hameed lórí. Ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ọ̀pá. Orí rẹ̀ kan ibi hóró méjì àti ààbọ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Sofiyullah ti wọlé. Ó ti dé ilé Àbẹ̀ní, ìyẹ́ ló bá. Ó bèèrè ẹni tó fún Àbẹ̀ní láṣẹ láti gbé àkùkọ náà wá síbẹ̀, kó tún fún ọmọ wọn ní oògùn. Mo rántí fèrèsé ọdún tó kọjá, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ dúró sẹ́yìn Àbẹ̀ní.

Àbẹ̀ní kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú erùpẹ̀, bó ṣe yẹ ìyàwó ilé. Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ Hameed.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá wa," ó ní. "Iwe àkùkọ yín ti wà níkùn rẹ̀. Ẹ ní ọkùnrin ti dé. Mi ò fẹ́ kó tún lọ ni."

Bàbá ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn. Ó ní ìtọ̀ òun náà pọ́n ní kékeré, òun jẹ iwe, òun rèé lórí ìdúró.

"Ẹ̀yin rèé, Bàbá," Àbẹ̀ní dáhùn. "Soliu dà?"

Àbẹ̀ní kò dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti mi orí sí nọ́ọ̀sì pé kó fún un. Hameed gbé ọ̀kan mì, ó gbé èkejì, ó gbé ààbọ̀, ó mu omi, ó sì ya ẹnu kí gbogbo ayé lè rí i.

Wọ́n ń retí kí ó bì. Àwa náà ń retí. Hameed wo ìkòkò, ó bèèrè bóyá ẹ̀wà ṣì kù.

Obìnrin kan láti Ìfọ́n ló kọ́kọ́ ti ọmọ rẹ̀ wọlé. Àbẹ̀ní bu ẹ̀wà fún ọmọ náà, ó dúró kí ó jẹ ẹ́, ààbọ̀ hóró tó kù lára ti Hameed sì wà nínú èyí tí ó lò. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbé oògùn mì lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù lọ sílé, Àbẹ̀ní kò sì tíì yé bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wẹ̀.

Láti ìgbà náà, Bàbá Sofiyullah kò jẹ oúnjẹ Àbẹ̀ní mọ́. Mo ní ṣé kí n lọ bá a bẹ bàbá. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ó ní, "Kí wọ́n máa bínú, Ọ̀gá. Hameed ń jẹ ẹ́."