Bí Mo Ṣe Ṣàlàyé Kúántọ̀m Fún Àwọn Ará Etí Ọ̀sà

Iṣẹ́ mi ni kí n fi Yorùbá tó yé tọmọdé tàgbà ṣàlàyé kúántọ̀m, ìmọ̀ àwọn ohun tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ fẹ́ fi ṣe kọ̀ǹpútà tuntun. Láti Ìgbògbò ní Ìkòròdú tí mo ń gbé ni mo ti ń jáde lọ sí ọjà àti gbọ̀ngàn ìjọ. Ní Lásùnwọ̀n, bàbá kan gbọ́ mi tán, ó ní, "Ṣé kinní yìí máa jẹ́ kí iná dúró?" Mo ní rárá, sà. "Ẹ máa kó o lọ nígbà náà."

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ohun tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Nítorí náà, ní abúlé apẹja kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, mo ta ẹyọ owó kan bí òkòtó lórí tábìlì.

"Bó ṣe ń yí yìí, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ìgbà tí mo bá tẹ ọwọ́ lé e láti wò ó ló tó di ọ̀kan nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ohun kékeré wọ̀nyí ṣe rí."

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ̀sẹ̀ nawọ́. "Olùkọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá wò ó ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò tíì di ọ̀kankan nìyẹn, mà."

Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Inú mi dùn dé ilé pé mo rí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé Bàbá Bọ̀sẹ̀ ti wa ọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà kí n tó dé abúlé wọn rárá, kò sì padà. Wọ́n ti wá rí òkú kan létí omi, ó wà ní ilé ìgbókùúsí ní Ẹ̀pẹ́.

"Ìyàwó wa ò fẹ́ lọ wò ó. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tí a ò bá tíì wò, kò tíì di ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá a sọ̀rọ̀."

Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ ni mo ń to àlàyé jọ bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò. Mo bá Ìyá Bọ̀sẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìgbókùúsí náà, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tíntìnnín tí ojú ò lè rí ni mo ń sọ. Kì í ṣe ti ènìyàn."

Ó wò mí títí. "Mo mọ̀, olùkọ́. Bàbá Bọ̀sẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́ ni mo ti ń rí oorun sùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣì jókòó díẹ̀."

Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú, a sì wọlé.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ká aṣọ kúrò lójú òkú náà. Ọkọ rẹ̀ ni. Ìyá Bọ̀sẹ̀ kò pè é ní Bàbá Bọ̀sẹ̀ mọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ ni ó fi ń pè é, èyí tí ìyàwó kì í pe ọkọ. Ó ń pè é, ó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, kí ọkùnrin náà lè ráyè dáhùn.