Ọkọ̀ Bàbá Mi Kú Lójú Àwọn Àna

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Oju Ore, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé etí ló fi ń wá àìsàn ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàngó, yóò ti dẹtí sí i kó tó yọ, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Àwa ọmọ rẹ̀ a máa fi í yangàn níléèwé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ lè mọ bí ìtìjú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe pọ̀ tó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ọkọ ní Alapoti, àwọn àna ní àwọn yóò rán ọkọ̀ wá gbé ìyàwó. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí òun fọwọ́ ara òun tún ṣe ni àkọ́bí òun yóò bá lọ, òun náà ni yóò sì wà á. Àwọn ẹbí rán an létí pé bàbá kì í tẹ̀lé ìyàwó relé ọkọ. Ó ní dírẹ́bà lòun lọ́jọ́ náà, òun kì í ṣe bàbá. Epo bẹntiróò wọ́n lásìkò yẹn, ìyá mi ló bá a wá a kiri tó fi rí i rà, inú kẹ́ẹ̀gì tó fi ń gbé epo pupa ló sì gbà á sí. Ó ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e símú, ó ní ó ti mọ́. Ẹ má bínú sí i. Nílé wa, kò sí kẹ́ẹ̀gì tí a gbà pé omi gbígbóná kò lè sọ di tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ gba àdúrà, wọ́n da aṣọ bò ó lórí, èmi sì gbé báàgì rẹ̀, mo jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó tó bá ti gba àdúrà jáde báyẹn kì í padà wọlé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun yòówù tí ì báà gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Yóò sáré díẹ̀, yóò gbọ̀n wá jìgìjìgì, yóò tún sáré. Nígbà tí a rí àwọn obìnrin ilé ọkọ lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ń kọrin bọ̀ wá pàdé wa, ó dún gbàà bí ìbọn, ó sì kú síbẹ̀. Orin náà dáké.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ tòun tagbádá funfun. Ó sọ ọ́ sókè pé pílọ́ọ̀gì ni, kò ní pẹ́. Ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó ní kí àbúrò rẹ̀ tó bá wa wá ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì jí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń húkọ́. Ló bá ń fa wáyà orí pílọ́ọ̀gì yọ níkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti kú nínú wọn, ẹ́ńjìnnì kò ní mọ̀ pé wọ́n yọ wáyà rẹ̀, àmọ́ èyíkéyìí tó bá yọ ni ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sílẹ̀. A jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì kọ́. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kábúrétọ̀ díẹ̀, níbi tó ti ń fa atẹ́gùn tó ń pò mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì sì gbé ohùn sókè. Ojú bàbá mi yí padà. Bí ara rẹ̀ ṣe yá nígbà tí atẹ́gùn dín kù, a jẹ́ pé epo ni kò dé inú ẹ́ńjìnnì tó, nǹkan ti dí ihò tín-ín-rín tó ń gbà kọjá.

Àwọn ìyàwó ilé ti yí wa ká báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó wa, ṣé bí bàbá yín ṣe ń tún ọkọ̀ oníbàárà ṣe náà nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní ká mà kúkú dá ìyàwó padà sílé títí a ó fi rí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá mi. Ó ti tú kábúrétọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, epo pupa ló dì síbẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Ó fi ẹ̀yìn bo nǹkan náà mọ́ àwọn èèyàn lójú, ó fi inú agbádá rẹ̀ nù ún, ó fi ẹnu fẹ́ ihò náà títí tó fi là. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó bi í pé kí ló rí, ó ní, "Àṣìṣe ọwọ́ mi ni. N kò de kábúrétọ̀ dáadáa."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ pé epo pupa ìyá ìyàwó ló pa ọkọ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé ìkòkò kaná nílé yẹn ni wọn yóò máa rán an létí. Ọkọ̀ jí, a gbé ìyàwó débẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ṣáájú wa padà sí Oju Ore. Àwọn oníbàárà ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá mi rí àbàwọ́n náà nígbà tó ń fọ agbádá. Ó jókòó ti abọ́ aṣọ náà. Nígbà tó ní òun yóò lọ ṣàlàyé fún àwọn èèyàn, bàbá mi ní kò gbọdọ̀ dán an wò.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ, ìyá mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àna, ó ní ẹ̀bi òun ni, kẹ́ẹ̀gì epo òun ni. Bàbá mi fi ìbínú dìde. Ìyá ọkọ ló fà á jókòó, ó sì gbé ìyá mi dìde. Ó ní, "Ẹ dìde jàre. Láti ọjọ́ yẹn la ti mọ̀. Èéfín ọkọ̀ yín ń rùn bíi ká máa dín àkàrà. Nígbà tí bàbá ìyàwó kò fẹ́ ká mọ̀, a ò mọ̀ náà nìyẹn." Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn obìnrin agboolé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi létí rí. Bàbá mi dorí kodò títí a fi kúrò níbẹ̀. Ojú ti èmi náà, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń bú àwọn obìnrin yẹn nínú ọkàn mi.

Ọkọ̀ tí ẹ ń gùn lónìí kò ní kábúrétọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni mẹkáníìkì ń kì bọ̀ ọ́, ohun tó ń ṣe é a sì yọ sójú gíláàsì fún gbogbo ayé. Bákan náà lọ̀rọ̀ àwa èèyàn rí báyìí. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé fídíò kan lórí fóònù wá hàn mí, níbi tí ìyàwó kan ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀, àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n pa fóònù náà. Wọ́n ní ṣé mo mọ ìyàwó náà ni. Mo ní rárá o, àmọ́ ó ní bàbá.