Àdúkẹ́, Ẹṣin Ipò Kẹta

Sànúsí Àkànjí, ọmọ Oníkòyí, ọmọ agẹṣin-lọ-sójú-ogun tí kì í fi ìpàkọ́ han ọ̀tá, Àkànjí ọkọ Rábíátù, baba Mọ́rúfù, baba Sìfáwù, ọmọ Modákẹ́kẹ́ tí gbogbo Ifẹ̀ ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin: ọ̀gá mi ti lọ. Orúkọ wọn ni ó yẹ kó ṣíwájú nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi, mi ò ní lè parí rẹ̀. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ. Ẹni tó bá rí àṣìkọ kó bá mi fojú fò ó.

Ẹni tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀ ni mí ní Ẹdúnàbọ̀n nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé. Ìyá Bùnmi ló ń ṣe ògì létí títì níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá mi ti máa ń ra èèrí, ìyẹn èyí tó ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ògì tán. Ẹṣin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ náà wọ́n ní kí n bá àwọn gbé àpò èèrí lọ sí ìdí igi tí wọ́n so ẹṣin mọ́. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti sọ àpò kalẹ̀, ẹṣin náà fi eyín ṣí fìlà mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo dúró, mo ń wò ó. Mi ò sá, mi ò sì nà án. Ọ̀gá mi ní ẹṣin ti gbà mí síṣẹ́, kí n máa bọ̀ ní Modákẹ́kẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Mo lọ, mi ò sì padà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ti í gbé ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn í dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Wàá fi ọwọ́ ra á láti èjìká wá sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ fún ọ, wàá wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ẹrẹ̀ àti òkúta tó há sí pátákò rẹ̀. Èmi gbọ́ ẹ̀gbẹ́, mo sì lọ dúró sí ẹ̀yìn. Àjàlá, akọ ẹṣin kan tó dúdú, ta mí nípàá, ó di inú kòtò omi. Ìyá Mọ́rúfù, ìyàwó ọ̀gá mi, ń fẹ́ iná lọ́wọ́. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé o ò wẹ̀ kó o tó kúrò nílé ni?”

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ni ká fi ẹṣin yá àwọn èèyàn. Olóyè tó bá fẹ́ jẹ oyè, ọ̀dọ̀ wa ni yóò wá. Nígbà Iléyá, àwọn ọmọdé á tò wá bí eéṣú. Àwọn òbí láti àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń gbé ọmọ wọn wá gun ẹṣin kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin wa tí a rà ní kékeré. Àwọn olówó tí ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù onígi ní Ìbàdàn ni wọ́n máa ń lé wọn dànù nígbà tí eré wọn bá ti dínkù, ọ̀gá mi á sì lọ tọrọ wọn. Mo máa ń sọ pé kì í ṣe ẹṣin là ń sìn, pé ilé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni a ṣí. Wọ́n á ní kí n dákẹ́, pé èmi náà ń bọ̀ wá di ọ̀kan nínú wọn.

Ó wá ku eré ìje. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń pàdé ní pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ìje kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, ẹṣin inú wọn á kún bámúbámú, ọ̀gá mi kì í sì í dá sí wọn. Ìje ńlá tí wọ́n fi ń kádìí ni tiwọn. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé orí wọn dàrú, torí inú ìje yẹn ni ẹṣin tó yára jù wà: Ìjì, ẹṣin Alàájì Bàkàrè, àti Mànàmáná, ẹṣin Dókítà Adéoyè. Ẹ̀rù àwọn méjèèjì yìí ń ba gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi ẹṣin òun ṣe ẹlẹ́yà lójú èrò, nítorí náà ẹṣin inú ìje ńlá kì í kọjá mẹ́rin. Bí kò bá sì pé mẹ́rin, wọn ò ní sá a rárá. Ọ̀gbẹ́ni Láwuyì tí ń bójú tó pápá náà á wá tẹ ọ̀gá mi láago, á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ọ̀kan wá kó lè pé.”

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba ife ẹ̀yẹ àti gàárì tuntun. Ipò kejì gba ìjánu tí wọ́n fi awọ dídára ṣe. Ipò kẹta gba àpò ọkà bàbà mélòó kan, ó sì máa ń tó fún wa títí koríko tuntun á fi hù. Ipò kẹrin gba ẹ kú eré. Bí ẹṣin bá jẹ́ mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo la ní láti borí. Ẹyọ kan yẹn sì máa ń jẹ́ ti ẹni tuntun kan tó rò pé òun lè lé Ìjì bá. Ẹni tó bá lé Ìjì, èémí á tán lára ẹṣin rẹ̀ kó tó dé òpin, ẹṣin wa á sì rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Sámúẹ́lì,” wọ́n á ní, “kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ lé Ìjì. Ẹni tó ń lé Ìjì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.”

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìrù la fi kọ́ àwọn ẹṣin wa níṣẹ́. Láràárọ̀, èmi á gun Àjàlá síwájú ní ọ̀nà oko, Gàrúbà ará Ṣábó tí ń bá wa gun ẹṣin á sì máa bọ̀ lẹ́yìn lórí Àdúkẹ́. Imú Àdúkẹ́ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìrù Àjàlá, kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bí mo bá sáré, wọ́n á sáré. Bí mo bá rọra, wọ́n á rọra. Lọ́jọ́ ìje, ìrù ẹṣin tó wà ní ipò kejì ni Gàrúbà máa ń darí rẹ̀ sí. Ẹṣin tó bá ti mọ èyí kì í bínú, kì í fi agbára ṣòfò, kò sí ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu láyé ju ìrù tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Àdúkẹ́ mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Abo ẹṣin pupa ni, etí òsì rẹ̀ ti ya, ojú rẹ̀ sì tutù bíi ti ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Ìkẹta ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi ní pápá yẹn. Alàájì Bàkàrè kì í jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ tán.

“Bàbá Ìkẹta, ẹ tún ti gbé ìyá arúgbó yìí wá?”

“Alàájì, ẹ sá tiyín. Ife lẹ̀ ń lé, ọkà lèmi ń lé. Àdúkẹ́ ò lè jẹ ife.”

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, Alàájì náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá ń di ọkà wa sọ́kọ̀ nírọ̀lẹ́, kì í sí ẹni tó tún ń rẹ́rìn-ín mọ́, torí nílé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ebi ń pa ẹṣin.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni àìsàn dá ọ̀gá mi dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, ó wá di àyà. Mọ́rúfù ọmọ wọn wá láti Òṣogbo láti tọ́jú wọn. Àjàlá ti kú nígbà òjò, àwọn yòókù náà ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àdúkẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù sílé ẹṣin. Koríko ti gbẹ, ọkà sì ti wọ́n. Ọkùnrin kan tí ń ra ẹṣin fún pípa, Lámídì ni wọ́n ń pè é, bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa. Ó máa ń fọwọ́ tẹ itan Àdúkẹ́ bí ẹni tí ń yan iṣu.

Mi ò lè pe Mọ́rúfù ní ẹni burúkú. Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ́lì, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè ra oògùn kí n tún ra oúnjẹ ẹṣin. Tí ẹ bá rí ọkà gbà ní pápá, ẹ jẹ́ kó wà. Tí ẹ ò bá rí i gbà, Lámídì á wá mú un lọ́jọ́ Ajé.”

Mo wọlé lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ojú wọn wà lókè àjà. Wọn ò bá ọmọ wọn jà. Wọ́n ní kí èmi àti Gàrúbà mú Àdúkẹ́ lọ, kí a má ṣe ju bí a ti í ṣe lọ. Wọ́n ní, “Ìkẹta ni kẹ́ ẹ gbà wá.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lọ sí pápá láìsí ọ̀gá mi. Ẹṣin mẹ́rin náà ni: Ìjì, Mànàmáná, ẹṣin aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí Ṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àti tiwa. Alàájì Bàkàrè béèrè ọ̀gá mi. Nígbà tí mo sọ bó ṣe rí, Alàájì bọ́ fìlà, kò fi wá ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń yí pápá po. Ẹ̀ẹ̀kíní lọ bó ṣe yẹ. Ìjì àti Mànàmáná ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ níwájú, Ṣẹ́gun ń lé wọn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, Àdúkẹ́ wà lẹ́yìn wọn, ó ń fi ìwọ̀n sáré tirẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ọkà ti débẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé kọ́nà tó kẹ́yìn ni Ìjì fẹ́ ta Mànàmáná nípàá. Mànàmáná yà bàrá, ó gbún Ìjì, àwọn méjèèjì já jáde kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n forí lé ibi tí àwọn èèyàn gbé mọ́tò sí. Ẹṣin Ṣẹ́gun tí ń lé wọn kò mọ ọ̀nà míì, ó bá wọn lọ síbẹ̀.

Bí Àdúkẹ́ ṣe di òun nìkan lójú pápá nìyẹn. Òpin ìje kò jìnnà sí i. Gbogbo èrò dìde. Èmi náà kígbe pé, “Gàrúbà, máa gbé e bọ̀!” Láti ọdún gbogbo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, a ò ṣe ipò kìíní rí.

Àdúkẹ́ wo iwájú, kò rí ìrù. Ó dẹ ẹsẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá dúró jẹ́ẹ́. Gàrúbà fi ẹsẹ̀ gbún un níkùn, ó fi Hausa bẹ̀ ẹ́, ó fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Àdúkẹ́ yí ọrùn padà, ó ń wo ọ̀nà ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà lọ, bí ìgbà tí èèyàn dúró de ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín sọ ní gbogbo pápá. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Itan Àdúkẹ́ lábẹ́ ọwọ́ Lámídì ni mo ń rí.

Ìjì ló kọ́kọ́ padà sójú ọ̀nà, ó kọjá lára rẹ̀. Mànàmáná tẹ̀ lé e. Bí ìrù Mànàmáná ti kọjá níwájú Àdúkẹ́ báyìí, etí rẹ̀ nà, ó gbéra. Mi ò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ẹṣin Ṣẹ́gun ti padà dé, ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó dé itan rẹ̀, ó dé èjìká rẹ̀. Àdúkẹ́ kò tilẹ̀ wò ó. Imú rẹ̀ wà nídìí ìrù Mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọjá òpin ìje. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Láwuyì. Ó na ìka mẹ́ta sókè, ó sì nawọ́ sí wa.

A délé nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n gbé àwọn jókòó.

“Ipò wo?”

“Ìkẹta ni, Ọ̀gá.”

Mo wá ṣàlàyé pé Àdúkẹ́ ló wà níwájú, pé ńṣe ló dúró de àwọn yòókù. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bóyá mò ń parọ́. Ẹ̀rín wá mú wọn, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ tún padà di ẹ̀rín. Ìyá Mọ́rúfù di èjìká wọn mú. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, “Sámúẹ́lì, a kọ́ Àdúkẹ́ já.”

Mọ́rúfù dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá òun kẹ́yìn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó jáde lọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn àpò ọkà wọ ilé ẹṣin. Lọ́jọ́ Ajé, Lámídì dé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Mọ́rúfù kí i dáadáa, ó fún un ní omi mu, ó sì sin ín sọ́nà.

Àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo rí nínú iṣẹ́ tí a kì í ti í borí. Mo máa ń sọ fún wọn pé a borí. Ẹyọ kan la máa ń borí nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì tó.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí ọ̀gá mi kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́ ni. Mo fẹ́ bá àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Mọ́rúfù ní kí n kọ́kọ́ lọ fún Àdúkẹ́ lóúnjẹ, pé kò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo lọ fún un, mo sì padà wá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni a sin wọ́n sẹ́yìn ilé wọn ní Modákẹ́kẹ́.