Alákàn Sùn Sẹ́nu Ọ̀nà Onífóòmù

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ife omi àárọ̀ mi. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. N kò wọ ilé ìwé rí, èmi ni mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, síbẹ̀ àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń wá bi mí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́, torí ojú mi ló ṣe.

Àbúrò ìyàwó mi ni Alákàn. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni òun sì fi ń jẹun: ọdẹ òru ni, ilé ìkẹ́rùsí kan ló ń ṣọ́. Eku kò lè kọjá ní géètì yẹn kó má bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìgbà yẹn ni òun ń wálé wá sùn.

Ó ra fóòmù tuntun lọ́wọ́ Onífóòmù tó wà ní ojú títì wa. Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ gbá a pàù, ó ní, "Bàbá, ọdún mẹ́wàá! Bí erin bá sùn lé e, á tún wú padà."

Kí oṣù tó parí, àárín fóòmù ti wọlé bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Pákó ibùsùn ń gún Alákàn lẹ́yìn, kò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ bá a níbi tó ti la ẹnu sílẹ̀ lórí àga.

"Bàbá, tí mo bá tún bá yín báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ máa lọ sílé yín nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ. Alákàn ru fóòmù padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Onífóòmù kò tilẹ̀ dìde. Ó nawọ́ sí pátákó tó kọ́ sára ògiri: ỌJÀ TÍ A BÁ TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ.

"Bóyá ẹ̀yìn yín ló le jù, Bàbá."

"Ẹ̀yìn tí wọ́n bí mọ́ mi yìí?"

"Ẹ lọ máa lò ó. Á mọ́ yín lára."

"Ó dáa," ni Alákàn wí. "Màá lò ó."

Èmi ni mo fún un ní ọgbọ́n tó ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun máa ń sọ pé òun ló dá a rò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kò sùn sílé: ó ru fóòmù rẹ̀ jáde. Ó tẹ́ fóòmù sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ bàtà, ó fi fìlà bojú, ó sùn lọ fọnfọn.

Ẹ ò tíì gbọ́ kí Alákàn hanrun rí. Ìhanrun àkọ́kọ́ ju ife sílẹ̀ lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Èkejì lé ajá kan kúrò ládùúgbò, a ò sì rí i mọ́ di òní.

Ìyá kan tó fẹ́ ra fóòmù fún ọmọ rẹ̀ ta gìrì. "Ta ló kú síbí?"

"Kò kú o," ni mo dáhùn látorí bẹ́ǹṣì tí mo gbé sí òdìkejì títì. "Fóòmù tó rà níbí ló ń lò."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà wò. "Háà! Ilẹ̀ ni ọwọ́ mi kàn yìí!" Ló bá yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń padà.

Onífóòmù sáré jáde. "Bàbá, ẹ dìde! Ẹ ń ba ọjà mi jẹ́!"

Alákàn ṣí ojú kan. "Ọjà tèmi ni, ọmọ. Ìwọ lo ní o kì í gbà á padà. Àbí o ti fẹ́ gbà á?" Ó tún di ojú náà.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, ó ta aṣọ bò ó. "Ẹ rọra máa pariwo o, ọkọ mi ń sùn."

Nígbà tí agbára Onífóòmù pin, ó lọ pe ọlọ́pàá tó máa ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta. Ìyẹn dé tòun ti kóńdó.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ń dínà."

Mo dìde. "Ọ̀gá, ẹ fẹ̀yìn lé fóòmù yìí ná, kí ẹ tó dájọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sùn sílẹ̀. Kò pẹ́, ó dìde, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Irú èyí gan-an ló wà nílé mi! Ibí ni mo ti rà á! Gbogbo oògùn ẹ̀yìn dídùn tí mo ń lò láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

Ó gba ọ̀bẹ, ó la fóòmù náà. Àkísà ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà bébà àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi rí odindi ṣòkòtò kan níbẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín.

"Òfin wo ló ní kí o ta àkísà fún wa ní fóòmù?" ni ọlọ́pàá bi í. "Ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́!"

Onífóòmù dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á dá ìlàjì owó padà.

"Ṣé ìlàjì ẹ̀yìn ni mo fi ń sùn?" ni Alákàn wí. "Fóòmù gidi ni mo fẹ́. Kí o tú inú rẹ̀ kí n fojú rí i. Pátákó yẹn á sì wálẹ̀ lónìí."

Mẹ́ta ni wọ́n tú kí wọ́n tó rí ojúlówó. Alákàn fúnra rẹ̀ ló já pátákó náà bọ́. Kò tíì lọ sílé o: ó tẹ́ fóòmù tuntun sí ojú kan náà, ó sì fi oorun dán an wò di ìrọ̀lẹ́. Òun ló ṣì ń ṣọ́ géètì yẹn di òní olónìí. Orí pátákó ọ̀hún ló ń jókòó sí.

Ẹni tó bá ní mo ṣe àbùmọ́, kó lọ bá ọlọ́pàá ìkóríta, tí a ti sọ ní Baba Ẹlẹ́yìn láti ọjọ́ náà. Ó wà láyé, ó wà láàyè. Kó kàn wo bó ṣe ń dúró ṣánṣán láti ìgbà tí Onífóòmù ti pààrọ̀ fóòmù tirẹ̀ náà.