Ìdí Tí Mọ́tò Wa Fi Dúró sí Orí Òkè

Ìkìlọ̀ kan ló mú mi kọ èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó wọlé sórí fóònù mi, sínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí a ti gbé Jẹ́dà rí àti àwọn tó ṣì wà níbẹ̀: òjò àti kùrukùru ń bọ̀ lórí àwọn òkè Táífù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ kan tí n kò mọ̀ rí fèsì pé àwọn ṣì máa lọ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó ní, "Ẹ má dààmú, ẹ̀yin àǹtí. A kàn máa sọ̀ díẹ̀ ni, a ó sì tún gùn ún padà." Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fèsì fún un lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní í sọ ju ohun téèyàn lè fi àtàǹpàkò kọ tán lọ.

Mo rántí ìgbà tí à ń gbé àdúgbò Sabíìlì ní Jẹ́dà, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Yàrá méjì la ní lórí àjà kẹta, fèrèsé méjèèjì sì kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe fún ilé iṣẹ́ kan. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde, agogo méje alẹ́ ló ń wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sára ìkámà mi, ìyẹn káàdì ìgbélùú, pé abẹ́ ọkọ mi ni mo wà àti pé n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Obìnrin kì í wa mọ́tò nígbà náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ mo mọ iye àtẹ̀gùn ilé wa, mọ́kànlélógójì, mo sì mọ iye ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé bàkálà tí mo ti ń ra búrẹ́dì. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, àwa díẹ̀ tí a jẹ́ Kristẹni máa ń kóra jọ sínú pálọ̀ ẹnì kan, a ó fa kọ́tìnì, a ó gbàdúrà, a ó sì kọrin lóhùn ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di Jímọ́ọ̀ mìíràn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ó sì ní ikọ́ fée. Bí eruku bá fẹ́, àyà rẹ̀ a máa dún bíi fèrè tí kò já gaara. Mo máa ń jí lóru láti gbọ́ bóyá ó ń mí, mo sì ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró, iye ìgbà tó fa oògùn sẹ́nu. Dókítà ló sọ pé afẹ́fẹ́ orí òkè lè tù ú lára, pé kí a gbé e lọ sí Táífù fún ọjọ́ kan. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Ẹni tó mọ òkè náà ni Àlàájà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, Jarwali ní Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí òbí rẹ̀ ló wá ṣe Hájì tí wọn kò padà sílé mọ́. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì dàgbà, Yorùbá àwọn tó ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lárúbáwá ni àwọn ọmọ tirẹ̀ fi ń dá a lóhùn. Ó sọ fún wa pé ojú ọ̀nà àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Hádà, òkúta ni wọ́n tò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé ibẹ̀ ni ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbà kí wọ́n tó ṣe ọ̀nà ọlọ́dà, pé bàbá òun ti ru ẹrù níbẹ̀ rí. Ó wù ú láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi fò sókè. Èmi náà fò sókè nínú ọkàn mi, nítorí ó ti tó oṣù mẹ́rin tí n kò tíì fi ẹsẹ̀ rìn ju bàkálà lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí. Ọdún méjì gbáko ni èmi àti Àlàájà ti ń gbé oúnjẹ fún ara wa, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ. Òun lè lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́ tó bá wù ú; èmi kò lè dé ibẹ̀, nítorí ìlú mímọ́ àwọn Mùsùlùmí ni. Lójú ọ̀nà Táífù, ibì kan wà tí ọ̀nà ti pín, pátákó ńlá sì wà níbẹ̀ tó ń sọ ibi tí Mùsùlùmí yóò gbà àti ibi tí àwa yòókù yóò gbà. Bí Àlàájà bá ti sọ pé òun ń lọ kí àwọn ẹbí òun, n ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn o," n ó sì bá ọ̀rọ̀ lọ sórí iye tí ata ń lọ. N kò fẹ́ kó rò pé ìlú rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ó ń bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi ṣìnà ní oríta yẹn lọ́jọ́ kan, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá tó jẹ́ kó máa lọ sílé.

Ètò tí ọkọ mi ṣe dára. Kó já wa sí orí òkè, kí òun wa mọ́tò gba ọ̀nà ọlọ́dà sọ̀, kó lọ dúró dè wá nísàlẹ̀. Èmi ni mo dà á rú.

Mo ní, "Dádì, bí ẹ bá ṣì í yà ńkọ́? Ìsàlẹ̀ yẹn ni ọ̀nà Mẹ́kà."

"Mo rò pé oríta yẹn jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè."

"'Mo rò pé' kì í ṣe ìdáhùn."

Ọkọ mi wò mí, ó mi orí, ó ní kó rí bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo ní kí mọ́tò dúró lókè, kó má kúrò níbẹ̀ rárá. Àwa yóò sọ̀ fún àádọ́rin ìṣẹ́jú, a ó sì gun òkè padà fún àádọ́rin ìṣẹ́jú. Mo pín omi sí i, ìgò mẹ́fà. N kò bi Àlàájà léèrè ohunkóhun, nítorí bí mo bá bi í, mo ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ó rí mi tí mo ń kọ aago sínú ìwé, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, o ń kọ̀wé bíi òṣìṣẹ́ ìjọba ní jawasáátì! Ṣé o fẹ́ fún òkè yìí ní ìwé ìgbélùú ni?"

Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Títí dòní n kò mọ bí mo ṣe lè sọ adùn wákàtí yẹn. Òkúta náà tẹ́ bí àtẹ̀gùn tó fẹ̀, ó ń ṣẹ́rí lọ ṣẹ́rí bọ̀ lára òkè, afẹ́fẹ́ tutù, àwọn ọ̀bọ jókòó sórí àpáta wọ́n ń wò wá bí ará ilé tí a kò kí. Ọmọ mi ń sáré níwájú, èémí rẹ̀ já gaara, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dá afẹ́fẹ́. Àlàájà ń fọwọ́ kan òkúta, ó ń sọ pé, "Bàbá mi ti sinmi níbí. Tàbí níbẹ̀ yẹn." Mo ń gbá etí àbáyà mi mọ́ra kí n má tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ní ó tó, ẹ jẹ́ ká padà. Mo rántí pé inú mi dùn pé a kò fi ìṣẹ́jú kan kọjá.

Gbogbo ẹni tó bá gun òkè rí ti mọ ohun tó kàn. Èmi kò gun òkè rí. Mo rò pé ọ̀nà kan náà, aago kan náà. Nígbà tó fi di mẹ́wàá ààbọ̀, tó yẹ kí a ti dé ìdí mọ́tò, a kò tíì rìn ju ìdá mẹ́ta ọ̀nà padà lọ. Ìgò márùn-ún ti tán nínú mẹ́fà. Ọmọ mi ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń dúró, ó ń gbé èkejì. Nígbà náà ni kùrukùru sọ̀ wá bá wa láti òkè. Kò pẹ́ tí n kò fi rí òkúta tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi mọ́. Òjò wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀, òkúta ń yọ̀, mo sì gbọ́ fèrè yẹn nínú àyà ọmọ mi. Ó fa oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fetí sí i. Kò lọ.

Mo pe ọkọ mi. Mo ní kó máa bọ̀ nísàlẹ̀, pé kó sọ̀ wá bá wa.

Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti ti ọ̀nà. Kùrukùru ni. Ọlọ́pàá ò jẹ́ kí mọ́tò kankan sọ̀."

Ògiri òkúta wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì. Lókè, ó kéré tán, wákàtí méjì gígùn ni kí a tó rí mọ́tò. Nísàlẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ni ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n lójú mi kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju pátákó yẹn lọ. Mo jókòó sórí òkúta tútù, mo gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, mo ń ka èémí rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

Àlàájà ní, "Dìde. Ìsàlẹ̀ la ń lọ."

"N kò lè lọ sísàlẹ̀."

"Kí ló dé? Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti oríta, ti ọkùnrin tó ṣìnà, ti ìdí tí mọ́tò fi wà lókè. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó máa bínú, ì bá sì ti sàn kó bínú.

"Ìdí nìyẹn?" ni ó wí. "Èmi rò pé oorun ló ń kun ọkọ rẹ. Wàláhì, ìyàwó, ìlú mi kì í jẹ èèyàn. Ibi tí pátákó yẹn wà jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè, ilé ìwòsàn kékeré kan sì wà lójú ọ̀nà kí o tó dé ibẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí o ti ń jẹ ọbẹ̀ mi. O ò lè bi mí?"

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi dè mí mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí n má baà yọ̀, mo pọn ọmọ ọdún mọ́kànlá bí ọmọ ọwọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Bí a ti ń lọ ni ó pe ọmọkùnrin àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé Rusáífà, ní Mẹ́kà. Lárúbáwá ni wọ́n sọ, n kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ nínú rẹ̀, "ọmọ" àti "kíákíá". Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo fi orúnkún gbà á. Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń sọ fún un pé kó máa fi ìka tẹ èjìká mi bó bá ń gbọ́ mi, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà kan ó dáwọ́ dúró. Mo pariwo. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin náà ti dé kí a tó dé ìsàlẹ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Kò bi mí ní ẹ̀sìn mi, kò sì bèèrè ìkámà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni a fi dé ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì kan gbé ìbòmú sí ọmọ mi lójú, oògùn ń jáde nínú rẹ̀ bí èéfín, èmi àti Àlàájà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìborùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó tó ìdajì wákàtí kí ètè ọmọ náà tó padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ebi ń pa òun.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, ọkọ mi sọ̀ wá bá wa, kò sì bá mi wí. Nígbà tí à ń padà sí Jẹ́dà, iwájú ni mo jókòó sí, mo sì gbé aago sọ́wọ́. Láti ẹsẹ̀ òkè dé ibi pátákó yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni, láìka àsìkò tí a fi wà nílé ìwòsàn. Pátákó náà tóbi débi pé ẹni tó ń tòògbé pàápàá yóò rí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì pa ìwé náà dé.

Ọmọ mi ti di obìnrin báyìí, ó ń gbé ilé ara rẹ̀. A ti padà sílé láti ìgbà pípẹ́. Mo máa ń ronú sí i pé kò sí ẹni tó tì wá mọ́ àárín òkè yẹn. Èmi ni mo fi ọgbọ́n mi mọ ògiri tó há wa mọ́, òkúta lé òkúta, nítorí pé ojú ń tì mí láti bi ọ̀rẹ́ mi ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá bi mí lónìí ohun tó ń dùn mí jù, kì í ṣe orúnkún. Bí Àlàájà ṣe dákẹ́ lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ sí òkè, ẹ jẹ́ kí mọ́tò lọ dúró nísàlẹ̀. Ẹ ka gígun òkè sí ìlọ́po mẹ́ta sísọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù fún ẹni tó mọ ilẹ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kó dá yín lóhùn.