Àkọ́rọ̀ Òjò Bá Ìgbín Wa ní Bódìjà

"Mama! Mama o! Ó wà lórí síárìn! Ẹ wá wò ó, ó fẹ́ wakọ̀!"

Bí mo ṣe ń pariwo yẹn, òjò ń lù mí, ìró mi fẹ́ já, bàtà ẹsẹ̀ mi kan ti bá àgbàrá lọ, n ò sì wá a. Mama sáré jáde tàwọn ti ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lọ́wọ́. Olè ni wọ́n rò.

"Ta ló fẹ́ wakọ̀? Láyí dà? Àṣàkẹ́, ta ló wà nínú mọ́tò?"

Mo fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́. Mo kàn ń nàka, mo ń fò sókè nínú ẹrẹ̀ bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ n mí ná. Tí n ò bá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìgbín sínsìn niṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣakí ni mo ti wá. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, èsì ìdánwò mi ò dáa tó, bàbá mi wá ní kí n lọ dúró lọ́dọ̀ Mama ní Ìbàdàn, kí n máa lọ lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní Agbowó títí màá fi tún un ṣe. Mama kì í ṣe ẹbí wa o. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà làwọn àti bàbá mi jọ dàgbà sí. Métírọ́ọ̀nù ni wọ́n jẹ́ ní ọsibítù kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ilé wọn sì wà ní Bódìjà, pẹ̀lú ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ hù sí.

Ìgbà tí a ń tò fún súgà àti ọṣẹ nìyẹn. Ẹran wọ́n bí ojú. Mama wá gbọ́ pé àwọn kan ń kọ́ àwọn tó fẹ̀yìntì bí wọ́n ṣe ń sin ìgbín, pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì Mọ́kọ́lá ń wá a kiri. Wọ́n lọ kọ́ ọ. Wọ́n dé, wọ́n ní kí n kó àwọn táyà tó ti gbó jọ fún àwọn.

Báyìí la ṣe ń ṣe é: ẹ máa to táyà léra, ẹ máa rọ ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ sínú rẹ̀, ẹ máa fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ máa gbé òkúta lé e. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó wà, kí oòrùn má ṣe rí wọn. Ìrọ̀lẹ́ lẹ máa fún wọn lóúnjẹ: ewé ìbẹ́pẹ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tó bá rọ̀ nínú ilé. Ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tó kan iyọ̀ mú wọn. Mo ń se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sáré lọ wò wọ́n, igbe tí Mama ké, ẹ máa rò pé mo gbé májèlé dání ni.

Nítorí pé ẹni tó bá ti jẹ́ métírọ́ọ̀nù, métírọ́ọ̀nù náà ni yóò máa jẹ́. Mama ò pe táyà ní táyà. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń jáde, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, èmi á máa tẹ̀lé wọn.

"Wọ́ọ̀dù kejì ńkọ́?"

"Wọ́n jẹun dáadáa, mà."

"Ṣé wọ́n yàgbẹ́?"

"Wọ́n yà á gan-an, mà."

"Ó dáa. Yí ilẹ̀ wọn padà."

Nígbà òjò, gbogbo ẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Ìgbín ń tóbi, wọ́n ń yé ẹyin sínú ilẹ̀, kúùkù òtẹ́ẹ̀lì kan ti wá wò wọ́n, ó ti ní ká tọ́jú wọn de òun. Ẹ̀ẹ̀rùn ló wá bà á jẹ́. Ọyẹ́ dé, ètè wa là, ilẹ̀ là, ìgbín ò jẹun mọ́. Wọ́n fà wọ inú ìkarahun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ohun funfun kan tó dà bíi bébà dí ẹnu rẹ̀ pa. Mo kan ìkarahun, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Mo ní, "Mama, kí ni àwọn olùkọ́ yín sọ nípa ẹ̀ẹ̀rùn?"

Mama wo apá ibòmíràn. "Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní àwọn máa sọ ti ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí ni wọ́n wá sọ lọ́jọ́ kejì?"

"Ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin bọ́ sí ọjọ́ kejì."

Ohun tó tún wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé àwọn díẹ̀ kú lóòótọ́. Òórùn wọn la fi mọ̀. Mama kó wọn jáde, wọ́n wò wọ́n, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àrùn ti wọ wọ́ọ̀dù, pé ó ti ran gbogbo wọn, pé kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ni Bọ̀dá Láyí, àbúrò Mama. Takisí ni wọ́n ń wà láti Dùgbẹ̀ sí Challenge, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ẹ̀yìnkùlé yẹn pé ibẹ̀ làwọn fẹ́ máa gbé mọ́tò sí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá lára mi ni wọ́n máa ń kí mi.

"Olórí ìgbín! Àwọn ọmọ rẹ ò tíì jí?"

"Wọ́n ń sùn ni, Bọ̀dá."

"Èmi náà mọ irú oorun yẹn. Bàbá àgbà wa ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

Ohun tí n ò lè sọ fún wọn ni pé èmi náà ò mọ̀. Mo kàn rò ó ni. Igi pánṣẹ́kẹ́ kan wà lẹ́bàá ọgbà wa, ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí mo kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, ó gbẹ bí egungun, èso rẹ̀ ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí atẹ́gùn bá fẹ́. Mo ti mú àdá láti ṣẹ́ ẹ fi dáná nígbà náà, ẹnìkan tó ń kọjá ló ní kí n dúró. Kò pẹ́, ó tan òdòdó pupa yòò, gbogbo títì pupa. Ojú tì mí fún àdá tí mo ti mú sí i. Mo wá rò ó pé ohun tó bá gbẹ, ó lè jẹ́ pé ó kàn ń pa omi ara rẹ̀ mọ́ ni. Mo sì ń fi imú gbọ́ àwọn ìgbín wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kú ń rùn. Àwọn tó kù ò rùn rárá.

Mo sọ ọ́ fún Mama. "Ẹ jẹ́ ká dúró de àkọ́rọ̀ òjò, mà."

"Ṣé òjò bá wa ṣàdéhùn ni?" ni Mama wí. Ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Àṣàkẹ́, Láyí ti rí ọkùnrin kan tó ń lọ ìkarahun fún oúnjẹ adìẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa kó wọn lọ. Tí kò bá sí ìgbín, kò sí iṣẹ́. N ò lágbára àtigbà ọ́ sílé lásán. Màá kọ̀wé sí bàbá rẹ."

Ṣakí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà ní Ṣakí tó ń wá ẹni tí yóò máa bá òun jókòó ti aṣọ títà, èmi ni wọ́n sì ń wò. Lẹ́sìnnì Agbowó ti parí. Ìdánwò ti parí. Mo wọ yàrá, mo di ẹrù mi, mo tún un tú, mo tún un dì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ ara mi ni mo fi kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Bùútù takisí kún, a kó ìyókù sórí síìtì ẹ̀yìn. Bọ̀dá Láyí yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀ kí mọ́tò wọn má bàa rùn, wọ́n wá wọlé lọ jẹ ẹ̀bà kí wọ́n tó gbéra. Ojú ọ̀run ṣú.

Mo ní, "Bọ̀dá, òjò ń bọ̀ o."

"Bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn, irọ́ ló ń pa." Wọ́n jẹun tán, wọ́n na ẹ̀yìn lélẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ń hanrun.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé, eruku tẹ̀lé e, páànù ilé kan ń gbá. Lẹ́yìn náà ni òjò já lulẹ̀ pẹ̀lú yìnyín. Òórùn ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn! Èmi àti Mama sáré gbé gbogbo báàfù àti garawa síta, nítorí ẹ̀rọ omi ti ya òǹrorò, kò yọ omi láti Kérésìmesì. Òjò náà pẹ́. Mama ti padà sídìí ẹ̀wà wọn kí wọ́n tó rántí.

"Àṣàkẹ́! Gíláàsì mọ́tò Láyí!"

Mo lọ. N ò ní parọ́ fún yín, n ò sáré. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò Ṣakí ránṣẹ́ kì í sáré nítorí síìtì onísíìtì.

Mo dé ibẹ̀, mo gbọ́ ìró kan, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra gbo àwo. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ìgbín kan yọ ìwo síta lórí síárìn, ó ń gùn ún lọ bí dẹ́rẹ́bà. Òmíràn wà lórí gíláàsì iwájú. Síìtì ẹ̀yìn ń rìn! Ìgbà náà ni mo figbe ta, tí Mama sáré jáde.

Mama dúró nínú òjò, omi ń ṣàn lórí awò ojú wọn. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọrùn, ó ń wò wọ́n.

"Olúwa mi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ọdún tí mo lò ní ọsibítù, n ò sin alààyè rí."

Ariwo wa jí Bọ̀dá Láyí. Wọ́n jáde pẹ̀lú ojú oorun, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n jókòó. Wọ́n tún dìde kíá.

"Ta ló da ẹ̀kọ sórí síìtì mi? Kí ló rọ̀ báyìí? Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gùn mí o!"

"Láyí, rọra!" ni Mama pariwo. "Wo ẹsẹ̀ ẹ! O máa tẹ aláìsàn mi pa!"

Mo ní, "Bọ̀dá, èrò yín ti kún o. Challenge ni gbogbo wọn ń lọ."

Bọ̀dá fẹ́ bínú, wọ́n wo ìgbín tó wà lápá wọn, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣa ìgbín nínú òjò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí mo wọlé, Mama rí ẹrù mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Tú ìyẹn," ni wọ́n wí. "Kí o sì lọ sùn, iṣẹ́ pọ̀ lọ́la."

Látìgbà náà, bí nǹkan bá gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, n kì í tètè sọ pé ó ti kú. Mo máa ń gbóòórùn ẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbín kọ́ la rí kó lálẹ́ yẹn. Àwọn tó yára, tí ìgbín bá lè yára, ti fo ògiri lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gbé garawa, mo ń kan ilẹ̀kùn kiri. Àwọn èèyàn dá wọn padà fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Bísí, ilé kejì sí tiwa, ata ti ń hó lórí iná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, Ìyá Bísí sì ń wo àjà.

"Ìgbín kẹ̀? A ò rí ìgbín o, Àṣàkẹ́."

Mo gbé garawa mi kalẹ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó ti ìdáná.

Mo ní, "Kò burú, mà. Ẹ ṣáà bu tèmi sí i, kí n fi ṣe ìdágbére fún ìgbín mi."