Nítorí Kí Ṣúgà Lè Wálẹ̀

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó de dókítà. Tí mo bá ti rí bẹ́ǹṣì gígùn yẹn, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Màá dìde, màá yọjú wo ẹnu ọ̀nà, màá tún lọ bi nọ́ọ̀sì pé èèyàn mélòó ló kù, títí yóò fi fajú ro sí mi. Ìyá mi ní lọ́jọ́ tí òun bí mi pàápàá, n kò dúró kí agbẹ̀bí fọwọ́ rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi àti òun la jọ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Alágbàká láti ìgbà tí wọ́n ti sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń jẹ́ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ tọ̀sán tòru. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa. Àwọn ará Èkìtì ti kó ẹrù wọn lọ sí ìpínlẹ̀ tiwọn, iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì wá di ti àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó kù ní sẹkitéríàtì. Mo máa ń jáde nílé láàárọ̀ kùtùkùtù, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wọlé. Láàárín ìgbà náà, ìyá mi nìkan ló ń wo géètì, géètì náà sì ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa: ó fẹ́ padà sílé rẹ̀ ní Oǹdó. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ta ni yóò máa ṣọ́ ohun tó ń jẹ níbẹ̀? Ta ni yóò rán an létí oògùn? A fà á títí ó fi sú mi, mo wá sọ pé, "Màmá, ọjọ́ tí dókítà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ṣúgà yìí ti wálẹ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé yín lọ." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi jà mọ́, mo sì rò pé mo ti borí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ rí dókítà, mo gbé mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ fún un, mo sáré wọ ilé ìwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, àwo ti mọ́.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti yó, ọma mi."

Nígbà tí a dé ọ̀hún, èrò ti pọ̀. Fáànù òkè dúró gbagidi nítorí iná ti lọ. Ìyá mi jókòó, èmi ń rìn lọ rìn bọ̀. Mo rí i tó ń fi etí gèlè nu òógùn, mo ní ooru ni. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo ní abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù. Kò sí ohun tí ojú ń rí tí ẹnu kì í rí nǹkan sọ nípa rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan, ọmọ Àkúrẹ́, wọlé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara jókòó sọ́kànkán ìyá mi. "Ìyá, ẹ kú ùjókòó o."

Ìyá mi wò ó, kò dáhùn.

Bàbá náà tún kí i. Ìyá mi pòṣé, ó gbójú kúrò.

Bàbá náà yí ojú sí mi bíi pé kí n wá wo ohun tí mo mú jáde nílé. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Ìyá mi tó máa ń dá ọlọ́kadà tó kí i lóhùn títí ọlọ́kadà á fi yà ní kọ́nà! Kò sí bí inú ṣe lè bí ìyá mi tó tí kò ní dá àgbà lóhùn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ta ni mí?"

Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Ó ní kí n lọ yí kòkó tó wà lórí ẹní, pé òjò ń bọ̀. Kò sí kòkó, kò sí ẹní, oòrùn sì ń mú ganrínganrín.

Mo fò dìde, ó di ẹnu ọ̀nà dókítà. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ dí mi lọ́nà. "Kò tíì kàn yín."

"Ó ti kàn wá! Ẹ wá wo ìyá mi!"

Ó fẹ́ bá mi jà, àmọ́ ó wo ẹ̀yìn mi, ó rí ìyá mi, ìjà náà sì tán lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Òógùn náà tutù. "Ṣé wọ́n jẹun láàárọ̀?"

"Wọ́n jẹun."

Dókítà ti jáde nígbà náà. Ó gún ọmọ ìka rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré kan, ó wò ó, ó sì pariwo pé kí wọ́n gbé gúlúkóòsì wá. Mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú ṣinṣin.

"Ṣúgà kẹ̀? Ohun tó fẹ́ pa á náà lẹ tún ń fún un?"

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ni dókítà wí. "Ṣúgà ara wọn ló tán. Tí kò bá sí rárá, ọpọlọ ò lè ṣiṣẹ́."

Mo fi í sílẹ̀. Ojú ìyá mi ti yí sókè. Ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n fi ṣíbí la eyín rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, pé yóò há a lọ́fun. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n wá iṣan ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fa gúlúkóòsì náà sí i. Mo ń gbàdúrà, mo ń bú, n kò mọ èyí tó ṣáájú. N kò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nọ́ọ̀sì ní kí n mú oògùn rẹ̀ wá. Mo ṣí báàgì ìyá mi. Mọ́ínmọ́ín àárọ̀ ló wà níbẹ̀, nínú ọ̀rá. Búrẹ́dì àná wà lábẹ́ rẹ̀, àti iṣu sísè tó ti gan. Ike oògùn tó yẹ kó lò dé ìparí oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là lórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó kọ́kọ́ kí bàbá arúgbó yẹn tó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Dókítà fi pẹ̀lẹ́ bi í pé ìgbà wo ló ti jẹun kẹ́yìn.

"Láti ìjẹta," ni ó wí. "Mo sì ń lo oògùn yẹn ní méjì méjì."

"Èéṣe, Màmá?" ni dókítà bi í.

Ó wo ojú dókítà. Ó ní, "Dókítà, ṣúgà yẹn ńkọ́? Ṣé ó wálẹ̀?"

"Ó wálẹ̀, Màmá. Ó wálẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó gbé yín lọ."

Ó dà bíi pé kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú, ó rẹ́rìn-ín. "O gbọ́? Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó yá, gbé mi lọ sí Oǹdó."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo, ẹkún ló jáde. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú nítorí àtilọ sílé ni?"

"N kò fẹ́ kú," ni ó wí. "Ilé ni mo fẹ́ lọ."

Mo nu ojú mi. Mo bi dókítà bóyá ó mọ dókítà gidi kan tí mo lè fa ìyá mi lé lọ́wọ́ ní Oǹdó.